Oòrùn Kàbà nìkan kò tó egungun: ìtàn Edward Mellanby fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn

Ẹni tó bá ti gbé Kàbà rí lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀ mọ̀ pé oòrùn kì í ṣe ohun tí à ń wá kiri níbí. Láti Kàbà dé Ìyàrà, láti Mọpà dé Ìsánlú, oòrùn ń ràn láì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun ọdẹ kì í ṣe àjèjì lójú wa. Tí ẹ bá bi akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn léèrè ohun tó fà á, kò ní í rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Á ní fítámì D ló dín lára ọmọ náà. Ẹ bi í pé níbo ni fítámì D ti ń wá, á ní oòrùn ni. Ẹ wá bi í pé báwo ni oòrùn ṣe wá wọ́n ọmọ Kàbà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń di kí á máa wo ojú ara wa.

Ìtàn ọkùnrin kan ni mo fẹ́ fi dáhùn ìbéèrè yẹn lónìí. Edward Mellanby lorúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ti dé Yunifásítì Ìbàdàn mọ orúkọ yẹn dáadáa, torí Mellanby Hall ni ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Mellanby ti Ìbàdàn kọ́ ni mò ń sọ o. Kenneth Mellanby ni tìyẹn, òun ló kọ́kọ́ ṣe ọ̀gá àgbà University College, Ìbàdàn, láti 1947 títí di 1953. Alexander tó bí Kenneth àti Edward tí mò ń sọ yìí, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n. Edward jẹ́ àbúrò bàbá fún ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ilé ibùgbé yẹn. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ló ti sùn, tí wọ́n sì jí lábẹ́ orúkọ yẹn, tí wọn ò mọ̀ pé inú ẹbí kan náà ni ẹni tó la ojú ayé sí ọ̀rọ̀ egungun ọmọdé ti wá.

Ọjọ́ 8, oṣù Kẹrin, ọdún 1884 ni wọ́n bí Edward ní West Hartlepool, ìlú etíkun kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Barnard Castle, ó sì ti ibẹ̀ wọ Emmanuel College ní Yunifásítì Cambridge. Ní Cambridge ló ti bọ́ sọ́wọ́ ọ̀gá rere kan, Frederick Gowland Hopkins, ẹni tó padà gba ẹ̀bùn Nobel ní 1929. Ohun tí Hopkins gbà gbọ́ nígbà yẹn, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò tíì gbà, ni pé oúnjẹ ju kí inú kún lọ. Ó ní àwọn èròjà kan wà nínú oúnjẹ tí wọn kò pọ̀ rárá, àmọ́ tí ara ò lè ṣe láìsí wọn. Irúgbìn tí Hopkins gbìn sínú ọ̀dọ́kùnrin yìí ló hù lẹ́yìn ọ̀la.

Mellanby kọ́ iṣẹ́ dókítà ní ilé ìwòsàn St Thomas's ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó di 1913, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní King's College for Women. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló fẹ́ May Tweedy. Ẹ má rò pé ìyàwó tó kàn ń gbé oúnjẹ fún ọkọ ni May o. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni òun náà, iṣẹ́ tó sì ṣe lórí eyín, bí oúnjẹ ṣe ń sọ eyín di líle tàbí ẹlẹgẹ́, jẹ́ iṣẹ́ ńlá tó dá dúró láyè ara rẹ̀.

Ọdún 1914 yẹn náà ni ìgbìmọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ fún ìwádìí ìṣègùn ní kí Mellanby wádìí àrùn rickets. Àrùn yìí ló máa ń jẹ́ kí egungun ọmọdé rọ̀. Ẹsẹ̀ á tẹ̀, ọrùn ọwọ́ á wú, egungun àyà á yọ kókó-kókó. Ọmọbìnrin tó bá ní in ní kékeré, egungun ìbàdí rẹ̀ lè há débi pé, tó bá dàgbà tó lóyún, ọmọ ò ní í rí ọ̀nà jáde. Ní àwọn ìlú bíi Lọ́ńdọ̀nù àti Glasgow, níbi tí èéfín ilé iṣẹ́ ti bo ojú ọ̀run, ọmọ tálákà tí kò ní in nígbà yẹn ló ṣọ̀wọ́n.

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń fà á gan-an. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Glasgow ní sísé ọmọ mọ́lé ni, pé àìrìn àìsáré ló fà á. Àwọn kan ní ìdọ̀tí ni. Àwọn mìíràn ní àjogúnbá ni. Mellanby, ọmọ ilé Hopkins, ní oúnjẹ ni kí wọ́n wò.

Ó kó ọmọ ajá jọ, ó sì há wọn mọ́ inú ilé. Ó ń fún wọn ní oúnjẹ tó jọ tàwọn tálákà ìgboro: mílíìkì tí wọ́n ti yọ ọ̀rá inú rẹ̀, búrẹ́dì, àti oats tí wọ́n fi ń ṣe pọ́réèjì. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ajá náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Rickets gidi ni. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ nǹkan níkọ̀ọ̀kan. Ó fún àwọn kan ní òróró tí wọ́n fún láti ara hóró, kò ṣiṣẹ́. Ó fún àwọn mìíràn ní bọ́tà, ó ṣe díẹ̀. Nígbà tó fún wọn ní epo ẹ̀dọ̀ ẹja, irú èyí tí àwọn oníkẹ́míìsì wa ṣì ń tà ní cod liver oil títí di òní, àrùn náà kò lè wọlé rárá. Láàárín 1918 sí 1919 ló kéde ohun tó rí. Láti ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ti yé ayé pé àìsí nǹkan kan nínú oúnjẹ lè sọ egungun di rírọ̀.

Àmọ́ kí ni nǹkan náà? Mellanby rò pé fítámì A ni, torí òun ni wọ́n mọ̀ nígbà yẹn tó wà nínú ọ̀rá. Ibẹ̀ ló ti ṣì í. Elmer McCollum ní Amẹ́ríkà ló tú u palẹ̀ ní 1922. Ó se epo ẹ̀dọ̀ ẹja gbóná, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i títí fítámì A inú rẹ̀ fi bàjẹ́ tán. Epo náà kò lè wo àrùn ojú tí àìsí fítámì A ń fà mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń wo rickets. Ìyẹn ni pé nǹkan mìíràn wà níbẹ̀. Wọ́n ti ní A, B àti C tẹ́lẹ̀, wọ́n bá pe èyí ní D.

Ohun mìíràn wà tí Mellanby ò kà sí. Inú ilé ló há àwọn ajá rẹ̀ mọ́, oòrùn ò kàn wọ́n. Ní 1919 yẹn kan náà, dókítà kan ní Berlin, Kurt Huldschinsky, ń tan iná àtùpà tó ní irú ìtànṣán inú oòrùn sí àwọn ọmọ tó ní rickets lára. Egungun wọn ń le padà. Ní Vienna, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní tí ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ìlú náà pa, Harriette Chick àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi hàn lára ọmọ èèyàn pé epo ẹ̀dọ̀ ẹja àti oòrùn jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà ni. Lẹ́yìn-ò-rẹyìn ló wá yé wọn pé oòrùn tó bá kan awọ ara ló ń jẹ́ kí ara fúnra rẹ̀ ṣe fítámì D. Ẹ ò rí i pé àwọn ará Glasgow tó ń pariwo pé sísé ọmọ mọ́lé ni náà ò jẹ̀bi tán? Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ibí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń pa ìwé dé sí. Mellanby, ajá, epo ẹja, fítámì D, oòrùn, ó parí. Ìdánwò á bọ́ sí i, wọ́n á sì yege. Ṣùgbọ́n ìdajì ìtàn náà ni o. Ìdajì kejì gan-an ló kan àwa tí à ń jẹ ọkà.

Nígbà tí Mellanby ń pààrọ̀ oúnjẹ àwọn ajá yẹn, ó ṣàkíyèsí nǹkan kan tó ta kókó. Àwọn tó ń jẹ oats ni rickets wọn máa ń le jù. Tó bá fi ìyẹ̀fun funfun rọ́pò oats, ó máa ń dẹwọ́. Bẹ́ẹ̀, kálísíọ̀mù inú oats ju ti ìyẹ̀fun funfun lọ. Báwo ni oúnjẹ tó ní kálísíọ̀mù jù á ṣe máa ba egungun jẹ́ jù? Ẹlòmíì ì bá ti kà á sí àṣìṣe, kí ó gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mellanby ò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó kó lọ sí Yunifásítì Sheffield ní 1920 láti lọ ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, ó gbé ìbéèrè yìí dání. Ó ní ó ní láti jẹ́ pé ohun kan wà nínú ọkà tó ń bá egungun jà.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí wọ́n tó mú olè náà. Phytic acid lorúkọ rẹ̀, inú èèpo àti ọyún ọkà ló pọ̀ sí jù. Ní 1939, Mellanby àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan fi hàn pé phytic acid máa ń di kálísíọ̀mù mú nínú ìfun, tí ara ò fi ní í lè gbà á. Kálísíọ̀mù wọ ẹnu lóòótọ́, ó gba inú kọjá, ó sì bá ìgbẹ́ lọ. Ẹni tó ní fítámì D dáadáa máa ń rí díẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ tí kálísíọ̀mù inú oúnjẹ bá kéré látilẹ̀, fítámì D náà ò ní rí nǹkan kan ṣe é. Ṣé ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ lè kó owó nínú àpótí tó ṣófo?

Nígbà yẹn, Mellanby ti di ẹni ńlá. Láti 1933 títí di 1949 lòun ni akọ̀wé àgbà Medical Research Council, ìgbìmọ̀ tó ń darí ìwádìí ìṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fi oyè Sir dá a lọ́lá ní 1937. Lákòókò rẹ̀ ni Howard Florey tọrọ owó fún iṣẹ́ penicillin ní 1939, tí wọ́n sì kọ́kọ́ fún un ní pọ́n-ùn 25 péré. Ẹ wo ibi tí pọ́n-ùn 25 gbé ayé dé! Ogun Àgbáyé Kejì bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ tó ń kó àlìkámà wọ̀lú ń rì sínú òkun, ìjọba bá ní kí wọ́n má máa gbọn èèpo dànù mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Búrẹ́dì dúdú la ó máa jẹ, ni wọ́n wí. Ṣùgbọ́n phytic acid inú èèpo ńkọ́? Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n da ẹfun lílọ̀, kálísíọ̀mù gidi, sínú ìyẹ̀fun. Títí di òní olónìí, òfin ṣì wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí kálísíọ̀mù máa wọ inú ọ̀pọ̀ ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì.

Kódà lọ́jọ́ alẹ́ rẹ̀, ajá àti ìyẹ̀fun ò fi í sílẹ̀. Ní 1946, ó fi hàn pé kẹ́míkà kan tí àwọn ọlọ́lọ̀ fi ń sọ ìyẹ̀fun di funfun ń mú kí gìrì gbé ajá. Èyí ló jẹ́ kí ìjọba ní kí wọ́n pa kẹ́míkà náà tì. Nígbà tó fẹ̀yìn tì ní 1949, kò lọ jókòó sílé. Ó padà sídìí ìwádìí rẹ̀ ní Mill Hill, Lọ́ńdọ̀nù, ẹnu ẹ̀ ló sì wà títí tó fi kú ní ọjọ́ 30, oṣù Kìíní, ọdún 1955.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé ọ̀rọ̀ náà wálé. Lọ́dún 1996, àwọn dókítà tó ń ṣiṣẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ní rickets. Kálísíọ̀mù ni ìka wọn tọ́ka sí, kì í ṣe oòrùn. Ní 1999, àwọn tó ṣe tiwọn ní Jos tún lọ síwájú. Wọ́n mú ọmọ 123 tó ní rickets, wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n fún àwọn kan ní fítámì D nìkan, àwọn kan ní kálísíọ̀mù nìkan, àwọn tó kù ní méjèèjì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 24, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó gba fítámì D nìkan, 19 péré ni ara wọn yá dé ibi tí wọ́n fojú sí. Àwọn tó gba kálísíọ̀mù nìkan jẹ́ 61 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó gba méjèèjì jẹ́ 58. Àwọn ọmọ yẹn kì í sì í rí ju nǹkan bíi mílígíráàmù 200 kálísíọ̀mù jẹ lójúmọ́, oúnjẹ àgbàdo ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń jẹ.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n fi òkúta ẹfun lílọ̀ wé ẹja tí wọ́n lọ̀ tegungun-tegungun, láti mọ èyí tó lè wo àwọn ọmọ wọ̀nyí. Méjèèjì ló ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Lọ́kọ́jà wá sí Kàbà máa ń kọjá ní Ọbajánà, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkè ẹfun láti fi ṣe sìmẹ́ńtì. Kálísíọ̀mù tó ń mú ilé dúró náà ló ń mú egungun dúró. Ẹ má lọ bu òkúta jẹ o! Ohun tí mò ń sọ ni pé nǹkan tí ọmọ náà nílò kì í ṣe ohun tó wá láti òkè òkun. Ó wà nílẹ̀, ó wà lọ́jà.

Torí náà, kí ló wà nínú ìkòkò wa? Iyán, àmàlà, ẹ̀bà, ẹ̀kọ, tùwó àgbàdo tàbí ti ọkà bàbà. Oúnjẹ tó dáa ni gbogbo wọn, tó ń fún ni lágbára oko. Ṣùgbọ́n kò sí kálísíọ̀mù tó nílààrí nínú wọn, èyí tó wà nínú ọkà sì tún bọ́ sọ́wọ́ phytic acid. Kì í ṣe pé àwọn ìyá wa ò gbọ́n. Rírẹ àgbàdo sómi kó kan kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ fún ògì máa ń dín phytic acid kù, wọ́n sì ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí Mellanby. Ẹja kéékèèké tí à ń rún tegungun-tegungun, edé, wàrà tí àwọn Fúlàní ń gbé wá sọ́jà, nọ́nọ̀, gbogbo ìwọ̀nyí ní kálísíọ̀mù. Ife mílíìkì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílígíráàmù 300. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé nígbà tí ọwọ́ bá há, àwọn nǹkan yìí la kọ́kọ́ máa ń yọ kúrò nínú ọbẹ̀. Tí ẹja bá sì wà, bàbá ló ń jẹ ẹ́, ọmọ ọdún mẹ́ta á máa fi ọmọrí ọbẹ̀ jẹ òkèlè.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ yìí báyìí. Ẹ ní kó ka ọ̀nà tí fítámì D ń gbà láti awọ ara dé ẹ̀dọ̀, láti ẹ̀dọ̀ dé kíndìnrín, á kà á bí ẹni ń ka oríkì. Ẹ wá wo bó ṣe ń gbé ayé. Kí oòrùn tó yọ, ó ti wọ kíláàsì. Nígbà tó bá jáde ní láíbúrárì, ilẹ̀ ti ṣú. Búrẹ́dì àti tíì tí kò rí mílíìkì ló ń jẹ láàárọ̀, núdùù lọ́sàn-án, gàrí lálẹ́. Àgbàlagbà tó wà láàárín ọdún 19 sí 50 nílò nǹkan bíi mílígíráàmù 1000 kálísíọ̀mù lójúmọ́. Mo bá a ṣírò tiẹ̀ lọ́jọ́ kan, kò tó ìdajì. Òun nìkan kọ́ o. Ní Saudi Arabia tí oòrùn ibẹ̀ lè sun ẹran, ìwádìí tí kì í ṣe ẹyọ kan ti bá àìtó fítámì D lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn. Ohun téèyàn mọ̀ fún ìdánwò kì í sábà dé inú abọ́ ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Egungun tí ẹ bá kó jọ kí ẹ tó pé ọgbọ̀n ọdún ni ẹ ó máa ná títí di ọjọ́ ogbó. Èyí tó tún wá ká mi lára jù ni ti aláìsàn tí wọ́n máa gbé wá bá yín. Dókítà tó bá mọ ìdajì ìtàn Mellanby á rí ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀, á fún un lábẹ́rẹ́ fítámì D, á ní kí ìyá rẹ̀ máa gbé e sóòrùn. Ìyá náà á dúpẹ́, á padà sí Búnú tàbí Yàgbà, sínú oòrùn tó ti wà tẹ́lẹ̀, á sì tún ro tùwó àgbàdo fún ọmọ náà. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ ṣì tẹ̀. Wọ́n á ní ayé ló ń ṣe é.

Èmi kì í ṣe dókítà, mi ò sì sọ pé gbogbo ẹsẹ̀ tó tẹ̀ ni rickets. Ẹsẹ̀ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn máa ń tẹ̀ díẹ̀ kó tó nà fúnra rẹ̀, àwọn àìsàn mìíràn náà sì wà. Ilé ìwòsàn ló yẹ kí òbí gbé ọmọ lọ, kì í ṣe kó lọ ra oògùn kálísíọ̀mù lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì kó máa dá a lò. Mi ò sì ní kí ẹ má lo fítámì D. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ò ju ohun tí Mellanby ṣe nígbà tí ọ̀rọ̀ oats ta kókó mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ: ó wo inú abọ́. Tí wọ́n bá gbé ọmọ bẹ́ẹ̀ wá bá yín, kí ẹ tó kọ oògùn kankan, ẹ bi ìyá rẹ̀ léèrè ohun tó sè lánàá, kí ẹ sì bi í bóyá ọmọ náà rí ẹja jẹ níbẹ̀.